Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ìlànà Ọlọ́sẹ̀ Mẹ́sàn-án fún Ẹni Tó Ń Bẹ̀rẹ̀ Eré Sísá

Àwọn lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ wa lórí eré sísá pọ̀ ju èyí tí a lè dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan lọ. Àwọn Yorùbá tó ń gbé ní Àbújá, Kàdúná àti Kánò ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ohun tó sì ń da ọ̀pọ̀ wọn láàmú kò yàtọ̀ síra: wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìlànà kan tí wọ́n rí lórí fóònù, ó lọ dáadáa fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, lẹ́yìn náà ó há mọ́ wọn lọ́wọ́. A mú mẹ́rin nínú àwọn lẹ́tà náà, a gé wọn kúrú, a sì yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n kúrò.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni mí, ẹni ọdún 44, Kubwa ni mò ń gbé. Nígbà tí mo lọ yẹ ara mi wò, dókítà sọ pé ìfúnpá mi ti ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ó sì ní kí n yéé jókòó sójú kan láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ọmọbìnrin mi ló bá mi fi ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní Couch to 5K (ìyẹn, láti orí àga dé kìlómítà márùn-ún) sórí fóònù. Ọ̀sẹ̀ kìíní àti ìkejì kò ni mí lára, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti dé ọ̀sẹ̀ kẹta ni èémí mi ti ń fẹ́ já kí ìṣẹ́jú mẹ́ta tí wọ́n ní kí n sá tó pé. Bí mo bá lọ sí etí adágún Jabi ní àárọ̀ Sátidé, àwọn ọmọ tí mo lè bí a máa kọjá lára mi bí ẹni pé mo dúró. Mo tún yọjú wo iwájú ìlànà náà, mo sì rí i pé lọ́jọ́ kẹta ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ogún ìṣẹ́jú gbáko ni wọn yóò ní kí n sá láìdúró. Ẹ̀rù bà mí, mo pa gbogbo rẹ̀ tì. Ṣé kì í ṣe pé ọjọ́ orí mi ti kọjá ohun tí mò ń dáwọ́ lé yìí? Òṣìṣẹ́ Ìjọba, Kubwa.

ÌDÁHÙN: Ọjọ́ orí yín kò kọjá rẹ̀, ọ̀gá wa. Ohun tí a rí nínú lẹ́tà yín ni pé eré tí ẹ ń sá ti yá jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Kí a tó dé ibẹ̀, ó yẹ kí àwọn òǹkàwé tí kò mọ ìlànà yìí mọ ohun tí à ń sọ.

Ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Josh Clark ló gbé e kalẹ̀ ní 1996, ìyá rẹ̀ sì wà lára àwọn tó ní lọ́kàn nígbà tó ń ṣètò rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 9 ló gbà, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ń ṣe é yóò kọ́kọ́ rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 5 kí ara rẹ̀ lè gbóná. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, yóò sáré fún ìṣẹ́jú àáyá 60, yóò rìn fún ìṣẹ́jú àáyá 90, yóò sì máa pààrọ̀ méjèèjì bẹ́ẹ̀ títí ìṣẹ́jú 20 yóò fi pé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, eré di ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, ìrìn di ìṣẹ́jú méjì. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ìṣẹ́jú mẹ́ta tó dá yín dúró kọ́kọ́ yọjú, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló sì wà nínú eré ọjọ́ kan. Ọ̀sẹ̀ kẹrin gbé e dé ìṣẹ́jú márùn-ún. Nígbà tó bá di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò rí bákan náà mọ́: ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́ẹ̀mẹta ni ti ọjọ́ kìíní, ìṣẹ́jú mẹ́jọ lẹ́ẹ̀mejì ni ti ọjọ́ kejì, ti ọjọ́ kẹta sì ni ogún ìṣẹ́jú tó bà yín lẹ́rù. Láti ibẹ̀ ni yóò ti máa gòkè títí yóò fi di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìdúró ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án. NHS, tí í ṣe ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ẹ̀dà tirẹ̀ tí wọn kì í gbowó lé lórí, ìyàtọ̀ tó sì wà láàárín àwọn ẹ̀dà náà kò tó nǹkan.

Ẹ ó ṣàkíyèsí pé gbogbo ohun tí a kà sílẹ̀ yìí, ìṣẹ́jú ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Kò sí ibi tí ìlànà náà ti sọ pé kí ẹnikẹ́ni yára. Àwa tí à ń lò ó la ń fi eré ìje kún un, nítorí pé nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa gbọ́ ọ̀rọ̀ eré sísá, ohun tó wá sí wa lọ́kàn ni ìdíje ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fọn fèrè tí oníkálukú sì ń fi gbogbo agbára rẹ̀ sá. Ọgọ́rùn-ún mítà nìyẹn. Kò sí ẹni tó lè fi irú agbára bẹ́ẹ̀ sáré fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, yálà ọmọ ogún ọdún ni tàbí ẹni ọdún 44.

Ìwọ̀n kan wà tí kò nílò aago. Bí ẹ bá pàdé ará ìlú yín lẹ́nu eré, ẹ gbọ́dọ̀ lè kí i, kí ẹ béèrè ìyàwó, kí ẹ béèrè ọmọ, kí ẹ béèrè àwọn tó fi sílẹ̀ nílé, láìjẹ́ pé èémí gé gbólóhùn náà sí méjì. Bó bá jẹ́ pé “Ẹ kú” nìkan lẹ lè sọ kí ẹ tó máa mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ dẹwọ́. Bí ẹ bá dẹwọ́ tó sì dà bíi pé ẹ kò yára ju ẹni tó ń rìn lọ mọ́, ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí ẹ wà. Ẹni tó ń rìn kánmọ́kánmọ́ lè rin kìlómítà mẹ́fà ní wákàtí kan. Lójú tiwa, kìlómítà méje sí mẹ́jọ ní wákàtí kan ti tó fún olùbẹ̀rẹ̀ tó ti lé ní ogójì ọdún tó sì ti ń jókòó láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọjá lára yín ní Jabi, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọjá, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò ti dúró sídìí ẹni tó ń ta omi kí ẹ tó yí ká dé ibẹ̀.

Èyí mú wa dé orí ohun kan tí a kò fẹ́ràn nínú ìlànà náà, orúkọ rẹ̀ ni. Ó jẹ́ kí àwọn ènìyàn gbà pé kìlómítà márùn-ún ni àwọn gbọ́dọ̀ sá tán ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án. Ẹni tó bá fẹ́ sá kìlómítà márùn-ún láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbọ́dọ̀ máa fi ìṣẹ́jú mẹ́fà sá kìlómítà kan, eré yẹn kò sì kéré rárá. Ẹni tó ń sá kìlómítà mẹ́jọ ní wákàtí yóò parí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú rẹ̀ lórí kìlómítà mẹ́rin, ó sì ti parí ìlànà náà pé pérépéré. Ìdí nìyí tí a fi máa ń sọ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n pa apá ibi tí fóònù ti ń ka kìlómítà, kí wọ́n fi kìkì ohùn tó ń ka ìṣẹ́jú sílẹ̀.

Ní ti ọ̀sẹ̀ kẹta tó há mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ padà sí ọ̀sẹ̀ kejì, kí ẹ fi eré tó lọ́ra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ṣe é tán. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan tí kò sí nínú ìwé sí àárín: ẹ sá ìṣẹ́jú méjì, ẹ rin ìṣẹ́jú méjì, lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó padà sí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Kò sí òfin tó sọ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án kò gbọdọ̀ di mẹ́tàlá tàbí mẹ́rìnlá. Ohun tí a fi ń mọ̀ pé ó tó àkókò láti tẹ̀síwájú ni pé ẹni náà ṣe ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán láàárín ọ̀sẹ̀ láìfi ipá já a gbà, tí kò sì tiro ní ọjọ́ kejì. Bí iṣẹ́ tàbí àìsàn bá sì dá yín dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má ṣe padà sí ojú ibi tí ẹ dé, ẹ gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn.

Ogún ìṣẹ́jú ọ̀sẹ̀ karùn-ún kò burú tó bí ó ṣe rí lójú. Ẹni tó sá ìṣẹ́jú mẹ́jọ lẹ́ẹ̀mejì ní ọjọ́ kejì ti sá ìṣẹ́jú 16 ná, ìṣẹ́jú mẹ́rin ló kù, àti ìrìn àárín tí wọ́n yọ kúrò. Síbẹ̀, a gbà pé ibẹ̀ ni wọ́n ti fò jù nínú gbogbo ètò náà. Ẹni tí kò bá dá a lójú lè sá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó rin méjì, kó tún sá mẹ́wàá, kó sì dán ogún náà wò ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ẹ má sì ṣe fi ọjọ́ ìsinmi ṣeré, torí pé àwọn tí nǹkan bá ń lọ dáadáa fún gan-an ló máa ń yọ ọ́ kúrò. Ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró máa ń tètè lágbára, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ẹni tó ń sáré yóò ti rí i pé èémí òun gùn sí i. Egungun àti àwọn iṣan líle tó so ẹran ara mọ́ egungun kò yára bẹ́ẹ̀, oṣù ni tiwọn ń gbà. Nítorí náà ni ẹni tó ti ń mí dáadáa ṣe máa ń rò pé òun lè máa sáré lójoojúmọ́, nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì ṣe tán. A kì í gbé òrùlé lé bíríkì tí kò tíì gbẹ.

Nípa ìfúnpá, ẹ jẹ́ kí dókítà tó yẹ̀ yín wò mọ̀ pé eré sísá lẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó sì sọ bóyá ẹ lè bẹ̀rẹ̀ báyìí tàbí ìrìn ni kí ẹ ṣì máa rìn ná. Bó bá fún yín ní oògùn, ẹ má ṣe tìtorí pé ẹ ń sáré dá a dúró. Bí àyà bá ń dùn yín, tàbí tó ń fún yín lẹ́nu eré, tàbí òòyì ń kọ́ yín, ẹ dúró, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà.

A mọ̀ pé ẹni tó ń gbé Kubwa tó sì ń ṣiṣẹ́ láàárín ìlú máa ń kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́ nítorí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ. A kò gbà yín níyànjú láti sáré nínú òkùnkùn aago márùn-ún, pàápàá lẹ́bàá òpópónà márosẹ̀ Kubwa, níbi tí ọkọ̀ kì í ti í dẹwọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé aṣọ eré dání lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀. Bí iṣẹ́ bá parí ní aago mẹ́rin, ẹ jẹ́ kí oòrùn rọlẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sáré ní Millennium Park ní Maitama tàbí ní àdúgbò tí ó ní ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, kí ẹ wá máa lọ sílé nígbà tí ọ̀nà bá ti fúyẹ́. Bó bá di dandan kí ẹ sáré lójú títì, ọwọ́ òsì ni kí ẹ gbà, kí ẹ lè máa rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú yín. Ọjọ́ kẹta lè jẹ́ Sátidé, àyàfi bí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú bá ní òde lálẹ́ Jímọ̀, torí kò sí ìlànà tó lè gba ẹni tó jẹun ní aago méjìlá òru tó sì fẹ́ sáré ní aago mẹ́fà àárọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin olóòtú, ẹni ọdún 36 ni mí, mo sì ti ń tẹ̀ lé ìlànà eré sísá títí dé ọ̀sẹ̀ kẹrin. Ojúgun mi méjèèjì ló ń ro mí báyìí, ní apá inú, bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ eré. Bàtà òkìrìkà ni mo rà. Híjáàbù ni mo fi ń sáré, ó máa ń gbóná púpọ̀. Àǹtí ọkọ mi sì sọ pé kí n ṣọ́ra, pé obìnrin tó bá ń sáré, ilé ọmọ rẹ̀ á yẹ̀. Kí ni kí n ṣe? Ìyá Ìbejì, Kàdúná.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọmọ, Ìyá Ìbejì. Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀rọ̀ àǹtí sápá kan ná: ilé ọmọ kì í yẹ̀ nítorí eré sísá. Àwọn iṣan àti ẹran tó di í mú nínú ara kò rọrùn láti tú bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá lóyún, tàbí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tàbí dókítà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ tàbí kí ẹ tó padà sẹ́nu rẹ̀, ìyẹn ni ìkìlọ̀ tó wà níbẹ̀. Ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́ fún àǹtí, ó ṣe tán, ìfẹ́ ló mú wọn sọ̀rọ̀.

Ti ojúgun ló yẹ kí a fara balẹ̀ sí. Ìrora tó nà láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní apá inú ojúgun, tó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí eré bá bẹ̀rẹ̀ tó sì máa ń rọlẹ̀ bí a bá sinmi, wọ́pọ̀ gan-an láàárín àwọn olùbẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń fà á ni pé a fi kún iṣẹ́ ẹsẹ̀ ju bí egungun àti ẹran tó lẹ̀ mọ́ ọn ṣe lè gbà lọ. Òmíràn wà tó yàtọ̀ sí i, èyí tí a lè fi orí ìka kan tọ́ka sí, tó ń dùn bí a bá tẹ ojú ibẹ̀, tó sì ń ro ènìyàn lórí ibùsùn láì sí eré kankan. Ìyẹn lè jẹ́ pé egungun ti ń sán, ó sì yẹ kí ilé ìwòsàn yẹ̀ ẹ́ wò kíákíá. Ẹ fọwọ́ tẹ ojúgun yín wò láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀ kí ẹ lè mọ èwo ni tiyín.

Bó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, ẹ dá eré dúró fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kí ẹ máa rìn dípò rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ìrìn kò bá ti dùn yín. Ẹ lè fi yìnyín tí ẹ fi aṣọ wé lé e fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lálẹ́. Ìpara gbígbóná tí wọ́n ń tà kì í ṣe èèwọ̀, àmọ́ ìrora ló ń pa lẹ́nu mọ́, kò ní kí ohun tó ń dùn yín san, a ò sì fẹ́ kí ẹ fi pa ìrora mọ́lẹ̀ kí ẹ tún jáde lọ sáré. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fa ẹsẹ̀ náà, kí wọ́n má sì fi agbára wọ́ ọ. Nígbà tí ẹ bá lè fo sókè lórí ẹsẹ̀ kan láìsí ìrora, ẹ padà sí ọ̀sẹ̀ kejì, kí ẹ fi ìṣísẹ̀ kúkúrú sáré, torí ẹni tó ń na ẹsẹ̀ jìnnà síwájú ara rẹ̀ máa ń fi gìgísẹ̀ gbá ilẹ̀, ojúgun ló sì ń jìyà rẹ̀.

Bàtà òkìrìkà kì í ṣe ohun tí a ó bá yín jà lé lórí, nítorí a mọ iye tí tuntun ń jẹ́. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé bàtà eré máa ń ní iye ọ̀nà tó lè gbé, nǹkan bíi kìlómítà 500 sí 800, kí fóòmù abẹ́ rẹ̀ tó kú. Ẹni tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ ti lò nínú rẹ̀, ojú kò sì lè rí èyí tó kù nítorí pé òkè bàtà ṣì lè máa dán. Bí ẹ bá fẹ́ ra òmíràn, ẹ gbé e lé orí tábìlì, kí ẹ wò ó láti ẹ̀yìn: bó bá tẹ̀ sápá kan, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ yí i padà, ẹ wo gìgísẹ̀ rẹ̀ bóyá ó ti jẹ tán níbì kan ju ibòmíràn lọ. Ẹ fi àtàńpàkò tẹ fóòmù náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó yẹ kó wọlé kó sì tún jáde. Ìrọ̀lẹ́ ló dára láti ra bàtà, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, kí àyè ìbú àtàńpàkò kan sì ṣẹ́ kù níwájú ọmọ ìka tó gùn jù.

Ilẹ̀ tí ẹ ń sá lé lórí náà ṣe pàtàkì. Etí ọ̀dà máa ń dagun sápá kan kí omi òjò lè ṣàn, ẹni tó bá sì ń gba ibẹ̀ nígbà gbogbo ń fi ẹsẹ̀ kan sáré nísàlẹ̀, ìkejì lókè. Ní Kàdúná, Murtala Square tí àwọn ènìyàn ti máa ń ṣe eré ìdárayá láàárọ̀ yóò dára fún yín ju títì lọ, ẹ ó sì rí àwọn obìnrin mìíràn níbẹ̀ tí ẹ lè bá rìn. Ìyẹn ló máa ń pa àwọn ọkùnrin tó ń sọ̀sọkúsọ lẹ́nu mọ́ ju èsì kankan lọ.

Ní ti aṣọ, ẹ wá híjáàbù tó fẹ́lẹ́, tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó sì mọ ní ìbàdí, pẹ̀lú ẹ̀wù tó dẹ̀ tó sì gùn dé orúnkún. Èyí tó gùn dé ilẹ̀ lè kọ́ yín lẹ́sẹ̀. Kọ́mú tó fún dáadáa, irú èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún eré, ṣe pàtàkì fún obìnrin ju bàtà olówó ńlá lọ, òun sì ni ọ̀pọ̀ kì í ná owó lé.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, Sabon Gari ní Kánò ni mo ti ń ṣòwò. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ eré sísá, ṣùgbọ́n àwẹ̀ Rámàdáánì ti ń súnmọ́lé, oòrùn ìlú yìí kò sì ṣeé fojú sùn. AS ni ẹ̀jẹ̀ mi. Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ báyìí? Oníṣòwò, Kánò.

ÌDÁHÙN: Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀ nínú àwẹ̀. Láwọn ọdún tí a wà yìí, oṣù kejì àti ìkẹta ni Rámàdáánì ń bọ́ sí, ìgbà yẹn gan-an ni ọyẹ́ ń lọ tí ooru sì ń wọlé ní Kánò, tó fi jẹ́ pé nígbà tó bá fi máa di oṣù kẹrin, ọ̀sán lè súnmọ́ ìwọ̀n 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ara ẹni tí kò sáré rí ní láti kọ́ eré, kó kọ́ ooru, kó sì kọ́ àìmu omi lẹ́ẹ̀kan náà, ẹrù mẹ́ta nìyẹn. Ẹ máa rìn fún ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ìgbà tí ìṣínu bá kù díẹ̀, kí omi lè tètè kàn yín, tàbí ní wákàtí kan ààbọ̀ lẹ́yìn ìṣínu, tàbí kí ẹ tó sùn lẹ́yìn ìrun àṣámù. Lẹ́yìn ìtúnu àwẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ kìíní. Ẹni tó ti wà lẹ́nu ìlànà náà kí àwẹ̀ tó dé kò ní láti dá a dúró pátápátá: kó dúró sójú ọ̀sẹ̀ tó dé, kó dín in kù sí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kó má sì fi nǹkan kún un títí oṣù náà yóò fi parí.

Ara máa ń kọ́ ooru ní tòótọ́, ó máa ń gba bí ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá kó tó mọ bí yóò ṣe máa làágùn bó ṣe yẹ, nítorí náà ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ nínú ìgbà ooru ló léwu jù. Kété tí ilẹ̀ bá mọ́ ni ìgbà tó tutù jù lóòjọ́. Ẹni tó ń sáré nínú ooru tí orí rẹ̀ wá ń fọ́, tí ara rẹ̀ ń rìn án, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí, kò nílò ìsinmi lásán: kí wọ́n gbé e sábẹ́ ibòji, kí wọ́n da omi tútù sí i lára, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ọ̀rọ̀ AS tí ẹ dárúkọ kò gbọdọ̀ dá yín dúró, ó sì dára tí ẹ mọ̀ ọ́n, torí ọ̀pọ̀ kò mọ tiwọn. Ohun tó máa ń kó AS sí wàhálà ni kí wọ́n máa sáré àsápajúdé nínú ooru láìmu omi tó, irú èyí tí wọ́n máa ń fi àwọn tó ń wọṣẹ́ ológun ṣe. Ìlànà tí à ń sọ yìí, tó ń pààrọ̀ eré àti ìrìn, bá yín mu níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ń rọra. Bí itan tàbí ẹ̀yìn yín bá ṣàdédé rẹ̀ tàbí tó ń ro yín gidigidi lẹ́nu eré, ẹ má ṣe gbà á bí ọ̀lẹ, ẹ dúró, kí ẹ mu omi, kí ẹ sì wá dókítà bí kò bá lọ. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìbá dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ìgbà ọyẹ́ náà ní tirẹ̀. Òwúrọ̀ rẹ̀ tutù, ó dùn ún sáré, àmọ́ eruku rẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fi ẹ̀dọ̀fóró gbà. Ní ọjọ́ tí ẹ kò bá lè rí ilé tó wà ní òdìkejì àdúgbò, ẹ fi eré sílẹ̀, kí ẹ máa gun àtẹ̀gùn inú ilé lọ sókè sódò fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹni tó ní ikọ́ fée kò gbọdọ̀ jáde láìmú oògùn tó ń fín sẹ́nu dání.

ÌBÉÈRÈ: Mo ti parí ọ̀sẹ̀ kẹfà, inú mi dùn, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n kò mì. Ẹni 80 kìlógíráàmù ni mo wà níbẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni mo ṣì wà. Ṣé eré yìí ń ṣiṣẹ́? Ọmọ Ìjẹ̀bú, Gwarinpa.

ÌDÁHÙN: Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kó ṣe ló lè dá ṣe. Ẹni tó ń sáré máa ń lo nǹkan bíi kálórì kan fún kìlógíráàmù kan lórí kìlómítà kan. Ẹni 80 kìlógíráàmù tó sá kìlómítà mẹ́ta ti lo nǹkan bí 240. Igo ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan tó gba 50 sẹ̀ǹtílítà ní kálórì tó lé ní 200 nínú. Ẹ ti rí i pé ẹni tó bá mu ọ̀kan bó ti ń bọ̀ láti ojú eré kò jèrè púpọ̀ lórí òṣùwọ̀n. Omi ni kí ẹ mu, kí ẹ sì jẹ oúnjẹ àárọ̀ yín bí ẹ ṣe máa ń jẹ ẹ́, mọ́ínmọ́ín àti ògì kò burú, láìfi abọ́ kejì san ara yín lóore.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbà àgbàlagbà níyànjú láti máa ṣe eré ìdárayá tó mọ níwọ̀n fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, tàbí ìṣẹ́jú 75 sí 150 bó bá jẹ́ èyí tó le. Eré yín lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kó yín débẹ̀, èrè rẹ̀ fún ọkàn, ìfúnpá àti oorun kò sì dúró de òṣùwọ̀n. Ẹran itan tó ń le sí i náà wúwo, ó lè bo ọ̀rá tó ń lọ mọ́lẹ̀. Ẹ yá tépù lọ́wọ́ télọ̀ yín, kí ẹ wọn ìbàdí yín ní gbọọrọ ìdodo láàárọ̀ kí ẹ tó jẹun, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì tún un wọ̀n bí ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án bá parí.